Ipá tó mọ níwọ̀n: kí ni òfin ń wò nígbà tí agbófinró bá yìnbọn?

Ẹgbẹ̀rún kan náírà. Bí a bá ka Criminal Code, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ilẹ̀ wa, bí wọ́n ṣe kọ ọ́, iye yẹn tó láti sọ olè tó ń sá lọ di ẹni tí ọlọ́pàá lè pa láìrúfin. Apá 390 ní ẹni tó bá jí ohun tí owó rẹ̀ tó ₦1,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún méje. Apá 271 sì ní bí ẹni tí wọ́n fẹ́ mú bá ń sá, tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ èyí tó lè gba ikú tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún méje sókè, ọlọ́pàá lè pa á bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn rárá tí ọwọ́ fi lè tẹ̀ ẹ́. Ẹ gbé apá méjèèjì lé ara wọn. Nígbà tí wọ́n kọ iye yẹn sílẹ̀, owó gidi ni. Lónìí, kò ra búrẹ́dì ńlá kan.

Òfin yìí kò ti ọ̀dọ̀ wa wá. Ní 1916 ni ìjọba amúnisìn mú un kárí Nàìjíríà, inú òfin Queensland ní Australia ni wọ́n sì ti wò ó kọ. Ìpínlẹ̀ Èkó ti kọ tirẹ̀ lọ́tọ̀ ní 2011. Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ olè tó ń sá yìí jìn ju Queensland lọ. Láyé àtijọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ikú ni èrè ọ̀daràn fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀ṣẹ̀ ńlá, nítorí náà wọ́n gbà pé ẹni tó bá pa á níbi tó ti ń sá, ohun tí adájọ́ ì bá ṣe náà ló ṣe. Adájọ́ ti ṣíwọ́ ìdájọ́ ikú fún olè lásán. Ìròyìn náà ni kò tíì dé etí ìbọn.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ túmọ̀ lónìí ni ìwọ̀n. Àwọn agbẹjọ́rò ń pè é ní proportionality, orúkọ tó máa ń mú kí ènìyàn rò pé iṣẹ́ ìṣirò ni. Kì í ṣe ìṣirò. Àwọn àgbà ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù ẹpọ̀n. Kò sí ẹni tó ń sọ pé kí a má pa kòkòrò. Ibi tó bà sí ni ọ̀rọ̀ wà, àti ohun tí ọwọ́ tí a fẹ́ fi gbá a lè bà jẹ́ lábẹ́ rẹ̀.

Ìlò ipá náà kò bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbọn. Bí ọlọ́pàá bá di ènìyàn lápá mú, ó ti lo ipá. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ipá ni, kóńdó ipá ni, tajútajú ipá ni. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tí wọ́n ṣe ní 2015, èyí tí a mọ̀ sí ACJA, sọ ní apá 5 rẹ̀ pé a kò gbọdọ̀ kàn máa de afurasí mọ́lẹ̀ tàbí kó ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́, àfi bí ìdí gidi bá wà láti rò pé yóò jà tàbí pé yóò sá, tàbí bí ààbò tirẹ̀ fúnra rẹ̀ bá gba bẹ́ẹ̀, tàbí bí ilé ẹjọ́ bá pàṣẹ rẹ̀. Ẹ rántí àwọn afurasí tí wọ́n ń tò síwájú àwọn oníròyìn, gbogbo wọn nínú ìdè, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò fẹ́ sá lọ síbì kankan. Ìwọ̀n ti yẹ̀ níbẹ̀ kí ìbọn tó jáde.

Ìbéèrè méjì ló wà, àwọn ènìyàn sì máa ń kó wọn pọ̀. Èkíní: ṣé kò-ṣeé-má-ṣe ni? Ìyẹn ni pé, ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn tí iṣẹ́ náà fi lè yọrí? Èkejì ni ti ìwọ̀n: bí kò bá tilẹ̀ sí ọ̀nà mìíràn, ṣé ohun tí a fẹ́ dáàbò bò tó ohun tí a fẹ́ bà jẹ́? Ẹ jẹ́ ká mú ọlọ́kadà kan tó rí ọlọ́pàá lójú ọ̀nà, tó yí orí ọ̀kadà rẹ̀ padà, tó sì ń sá nítorí pé kò ní ìwé. Àwọn ọlọ́pàá náà kò ní ọkọ̀, ẹsẹ̀ wọn ni wọ́n gbára lé. Lóòótọ́, kò sí ọ̀nà mìíràn tí wọ́n fi lè dá a dúró ju ìbọn lọ. Ìbọn yíyìn yege ìbéèrè kìíní, ṣùgbọ́n ó kùnà èkejì pátápátá, nítorí ìwé ọkọ̀ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan òṣùwọ̀n, ẹ̀mí ènìyàn ló sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì. Kí wọ́n jẹ́ kó lọ. Àwọn mìíràn á ní bí ọlọ́pàá bá ń jẹ́ kí ènìyàn lọ báyìí, òfin á di yẹ̀yẹ́. Bóyá. Òfin tó di yẹ̀yẹ́ ṣeé tún ṣe lọ́la.

Irú ẹjọ́ yìí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ l'Amẹ́ríkà. Ní alẹ́ ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá, 1974, wọ́n pe ọlọ́pàá ní Memphis pé olè wọ ilé kan. Ọlọ́pàá tó yí sẹ́yìn ilé náà rí ẹnì kan tó sá dé ìdí ọgbà onírin. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó rí ojú rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀, kò sì rí ohun ìjà kankan. Ó ní kó dúró. Onítọ̀hún bẹ̀rẹ̀ sí í gun ọgbà. Ọlọ́pàá mọ̀ pé bó bá fò ó, ó ti lọ nìyẹn, ló bá yìnbọn sí i lẹ́yìn orí. Ọmọ ọdún 15 ni. Pọ́ọ̀sì kan àti dọ́là mẹ́wàá ni ohun tó jí.

Òfin ìpínlẹ̀ Tennessee gba ọlọ́pàá láyè nígbà náà, nítorí gbòǹgbò kan náà ni òfin wọn àti tiwa ti hù. Bàbá ọmọ náà pẹjọ́. Ó gba ọdún mẹ́wàá ó lé kí ìdájọ́ ẹjọ́ Tennessee v. Garner tó jáde ní 1985: ọlọ́pàá kò gbọdọ̀ pa ẹni tó ń sá nítorí pé ó ń sá nìkan. Àfi bí ìdí gidi bá wà láti gbà pé ẹni náà lè pa òun tàbí ẹlòmíràn, tàbí kó ṣe wọ́n léṣe gidigidi. Ohun tí ìdájọ́ yẹn yí padà ni ohun tí a ń gbé sórí òṣùwọ̀n. Tẹ́lẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹni náà ti ṣẹ̀ ni. Láti ìgbà náà, ewu tó wà níbẹ̀ ní ìṣẹ́jú tí ìka wà lórí ìbọn ni.

Ọdún márùn-ún lẹ́yìn èyí, ní Havana, olú ìlú Kúbà, ìpàdé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ọ̀rọ̀ ìwà ọ̀daràn fọwọ́ sí àwọn ìlànà nípa ìlò ipá àti ìbọn. Ìlànà kẹsàn-án ni mo máa ń padà sí: agbófinró kò gbọdọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ yìnbọn pa ènìyàn àfi bí kò bá sí bí ó ṣe lè yẹ̀ ẹ́ láti dáàbò bo ẹ̀mí. Ẹ̀mí ló wí. Kò wí dúkìá.

Ẹ wá wo ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999. Apá 33 fún gbogbo wa ní ẹ̀tọ́ láti wà láàyè, ṣùgbọ́n ó ní a kò ní kà á sí pé wọ́n fi ẹ̀tọ́ náà du ẹni tó bá kú nípa ipá tó tọ́ láti fi gba ènìyàn lọ́wọ́ ìwà ipá, tàbí láti fi dáàbò bo dúkìá, tàbí láti fi mú afurasí lọ́nà òfin, tàbí kí ẹni tó wà ní àtìmọ́lé má bàa sá, tàbí láti fi pa rògbòdìyàn. Dúkìá wà nínú rẹ̀ gbangba. Òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ náà “ipá tó tọ́” wà níbẹ̀, adájọ́ tó bá ní ọkàn lè fi ìwọ̀n sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ́nsítébù tó wà lójú ọ̀nà ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ kì í ṣe adájọ́, kò sì ní ìwé òfin lápò. Ìbọn ló ní.

Ibẹ̀ gan-an ló ń dùn mí jù nínú àríyànjiyàn lórí àtúnṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá. Gbogbo ìlànà ìlò ipá dà bí àtẹ̀gùn: ọ̀rọ̀ ẹnu, ọwọ́, kóńdó, tajútajú, ìbọn. Ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ lè gun ún ní ìpele kan sí èkejì, kó sì lè sọ̀ kalẹ̀. Kí ni ọlọ́pàá wa ń gbé kiri? AK-47, ìbọn tí wọ́n ṣe fún sọ́jà. Ẹni tí kò ní ju ẹnu àti AK lọ, ìpele méjì péré ni àtẹ̀gùn rẹ̀ ní, orí òrùlé sì ni ìkejì. A lè kọ́ ọ ní ìwọ̀n títí ilẹ̀ ó fi ṣú, kò sí ohun tí yóò fi wọ̀n ọ́n.

Ìtàn wà nídìí rẹ̀ náà. Ìbọn ló kọ́kọ́ dé. Hausa Constabulary, ẹgbẹ́ agbófinró tí ìjọba amúnisìn dá sílẹ̀ l'Ékòó ní 1879, ènìyàn 1,200, bí ọmọ ogun ni wọ́n ṣe dì wọ́n ní àmùrè. Ẹ̀ka tí a ń pè ní ọlọ́pàá kògbérégbè, tí gbogbo ayé mọ̀ sí kill-and-go (pa á, kí o máa lọ), kò gba orúkọ yẹn lórí àánú.

Kí sọ́jà tó wọ inú ọ̀rọ̀ yìí, ó yẹ kí a mọ̀ pé ìwọ̀n tirẹ̀ yàtọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò. Lójú ogun, òfin gbà kí ọmọ ogun pa ọmọ ogun ọ̀tá níbi tó ti ń sùn. Kò nílò kó kọ́kọ́ kìlọ̀ fún un, kò sì nílò kí ẹni náà máa halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni ní ìṣẹ́jú yẹn. Ìwọ̀n ojú ogun, ti àwọn ará ìlú tó wà nítòsí ni: ṣé àwọn aláìṣẹ̀ tí yóò fara gbá kò ní pọ̀ ju àǹfààní tí ogun náà yóò rí níbẹ̀ lọ? Lójú pópó, kò sí ẹni tó ń jẹ́ ọ̀tá. Afurasí ló wà, olùwọ́de ló wà, ọ̀mùtí ló wà, gbogbo wọn ló sì ní ẹ̀tọ́ láti padà sílé láàyè.

Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé sọ́jà wá ṣe iṣẹ́ ọlọ́pàá, ìwọ̀n ọlọ́pàá ló yẹ kó tẹ̀ lé. Ìwé òfin gbà á láyè, ní apá 217, kó ran ìjọba lọ́wọ́ bí Ààrẹ bá pè é. Kò wí pé kó gbé òfin ojú ogun dání wá. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá, 2020, sọ́jà lọ sí Lekki níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń wọ́de tako SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń gbógun ti ìdigunjalè. Ọ̀gá ológun tó jẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí ìpínlẹ̀ Èkó gbà pé àwọn sọ́jà gbé ọta gidi lọ pẹ̀lú ọta òfìfo, èyí tó kàn ń dún. Ìgbìmọ̀ náà, tí Adájọ́ Doris Okuwobi darí, ní wọ́n yìnbọn fún àwọn tó jókòó sílẹ̀, tí wọ́n ń ju àsíá, tí wọ́n ń kọ orin orílẹ̀-èdè. Ìjọba àpapọ̀ sẹ́, wọn kò gbà pé ìpakúpa wáyé. Ní oṣù Keje, 2024, ilé ẹjọ́ ECOWAS ní ìjọba Nàìjíríà rú ẹ̀tọ́ àwọn mẹ́ta tó pẹjọ́ sí ààbò ara, sí ọ̀rọ̀ sísọ àti sí ìpéjọ, ó sì ní kí wọ́n san mílíọ̀nù méjì náírà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Kò gba ẹ̀bẹ̀ pé wọ́n rú ẹ̀tọ́ ìwàláàyè.

Orúkọ tí a bá pe ènìyàn náà máa ń pinnu òṣùwọ̀n tí a ó gbé jáde. Ní 2021, Nàìjíríà gba ọkọ̀ òfurufú ogun Super Tucano méjìlá láti Amẹ́ríkà, lórí àdéhùn pé àwọn ọlọ̀tẹ̀ apá ìlà-oòrùn àríwá ni wọ́n máa fi bá jà. Àwọn agbébọn tó ń jí ènìyàn gbé ní Zamfara àti Kaduna kò sí lára wọn. Ọ̀daràn ni òfin ń pè wọ́n, iṣẹ́ ọlọ́pàá sì ni ọ̀daràn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Abuja kéde wọn ní apániláyà. Ọ̀nà ṣí fún ọkọ̀ òfurufú náà. Èmi kò ní kí ẹnikẹ́ni ṣàánú agbébọn. Mo kàn ń sọ pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló gbé wọn láti orí òṣùwọ̀n kan bọ́ sórí èkejì.

Òṣùwọ̀n ogun náà kì í sì í ṣe òṣùwọ̀n aláìbìkítà. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá, 2023, dróònù àwọn ọmọ ogun ju bọ́ǹbù sí abúlé Tudun Biri ní Kaduna, níbi tí àwọn ará ìlú ti ń ṣe Maolud. NEMA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ pàjáwìrì, ní òkú 85 ni wọ́n sin. Ọ̀gá àgbà ọmọ ogun orí ilẹ̀ nígbà náà, Taoreed Lagbaja, lọ síbẹ̀, ó sì tọrọ àforíjì: àwọn ọmọ ogun ti rò pé agbébọn ni àwọn ará ìlú náà. Ohun èlò ogun tuntun máa ń jẹ́ kí a rí ọ̀nà jíjìn. Kì í sọ fún wa ẹni tí a ń rí.

Ó ku gbólóhùn kan tí ẹ ó máa gbọ́ lẹ́yìn gbogbo ìwọ̀nyí: “ìbọn ló ṣèèṣì yìn.” Ẹ kíyè sí i dáadáa. Bí ìbọn bá ṣèèṣì yìn, kò sí ẹni tó lo ipá, bí kò bá sì sí ẹni tó lo ipá, kò sí ìwọ̀n tí ẹnikẹ́ni fẹ́ wọ̀n. Gbólóhùn náà yọ ọ̀rọ̀ kúrò lórí òṣùwọ̀n pátápátá. Ṣùgbọ́n ìlànà Havana kò jẹ́ kó parí síbẹ̀: ó ní kí ìbọn wà lọ́wọ́ agbófinró lọ́nà tí kò fi ní ṣe jàǹbá láìnídìí, kí wọ́n tètè wá ìtọ́jú fún ẹni tó fara gbọgbẹ́, kí wọ́n sì sọ fún ẹbí rẹ̀. Irin kékeré kan sì wà lára AK, lápá ọ̀tún, tí a fi ń tì í. Bó bá wà lókè, kò lè yìn. Bí a bá tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ìpele tó kọ́kọ́ kàn kì í ṣe ti ọta kan ṣoṣo. Ti àyìntẹ̀léra ni. Ta ló tẹ irin náà sílẹ̀, nígbà wo, nítorí kí ni?