Kí ló dé tí à ń fi owó wa ra ẹ̀rù? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí fíìmù adẹ́rùbani àtijọ́

Ẹni tó sá fún ejò lọ́nà oko láàárọ̀ lè délé lálẹ́, kó pa iná, kó tan fíìmù tí òkú ti ń dìde nínú pósí. Owó dátà rẹ̀ ló fi ń wò ó, ó sì mọ̀ pé irọ́ ni. Ọ̀rọ̀ náà tún wá ṣòro lórí àwọn fíìmù tó ti lé ní 50 ọdún: òmíràn kò ní àwọ̀, òmíràn kò sọ̀rọ̀ rárá, síbẹ̀ àwọn èèyàn kò yéé wò wọ́n.

Ṣé ẹ̀rù gidi ni, àbí a kàn ń díbọ́n?

Gidi ni, ní ti ara. Ẹ̀yà kékeré kan wà nínú ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní amygdala. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó ké gbàjarè kí ìyókù ọpọlọ tó rò ó wò. Tí ìró kan bá bú jáde lójijì, ojú á ti ṣẹ́ kí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá tó pé. Lẹ́yìn náà ni adrenaline, omi ara tó ń múni gbára dì fún ewu, á tú sínú ẹ̀jẹ̀ láti orí kíndìnrín. Àyà á máa lù kìkì, àtẹ́lẹwọ́ á làágùn, irun ara á dìde. Ara kì í bi ẹnikẹ́ni bóyá ẹkùn tòótọ́ ni tàbí ẹkùn inú tẹlifíṣọ̀n.

Làákàyè ló ń dé kẹ́yìn. Ó wo yàrá yíká: àga nìyí, ilẹ̀kùn wà ní títì, àbúrò ń jẹ gúgúrú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni. Ó wá sọ fún ara pé kó fara balẹ̀. Àárín ìgbà tí ara ké àti ìgbà tí làákàyè fèsì ni adùn fíìmù wà.

Báwo ni ohun tó ń bani lẹ́rù ṣe lè dùn mọ́ni?

Èdè wa ti dáhùn apá tó pọ̀ nínú èyí. Ẹni tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ lóru, tó bojú wẹ̀yìn tí kò rí ẹnì kankan, á ní "orí mi wú". Ẹni tí wọ́n ki oríkì ìran rẹ̀ lóde ìnáwó, tí wọ́n kì í títí tó fi kan baba ńlá rẹ̀, òun náà á ní "orí mi wú". Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sọ, nítorí ohun kan náà ló ṣe ara wọn: awọ orí le, ara bù máṣọ, àyà sáré. Ohun tó yàtọ̀ ni ibi tí kálukú wà. Ọ̀kan wà nínú òkùnkùn lóun nìkan, èkejì wà láàárín àwọn èèyàn rẹ̀. Ẹni tó ń wo fíìmù adẹ́rùbani jókòó sí ipò ẹni kejì, ó sì ń gba ohun tó ń ṣe ẹni àkọ́kọ́.

Ata náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Paul Rozin, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ní Yunifásítì Pennsylvania, ṣe ìwádìí lórí bí èèyàn ṣe ń kọ́ láti fẹ́ràn ata. Ẹnu ń ké pé iná ń jó òun, omi ń dà lójú, imú ń ṣàn, ṣùgbọ́n ẹni tó ń jẹun mọ̀ dájú pé iná kankan kò sí. Gẹ́gẹ́ bí àlàyé rẹ̀, ìmọ̀ yẹn gan-an ló ń sọ ìrora di adùn. Ẹnikẹ́ni tó ti jẹ ọbẹ̀ tí ata rodo pọ̀ nínú rẹ̀, tó ń fẹ́nu "ṣìì, ṣìì", tó sì tún bu òkèlè míì, kò nílò àlàyé ju ìyẹn lọ.

Ohun kejì ni pé ara tó ti gbóná kì í tètè tutù. Ní àwọn ọdún 1970 ni olùwádìí Dolf Zillmann ṣàlàyé èyí: ewu ti lọ lójú fíìmù, ṣùgbọ́n àyà ṣì ń sáré fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ohun yòówù tó bá tẹ̀lé e á sì bá ara ní gbígbóná. Bí ọmọbìnrin inú fíìmù bá bọ́ lọ́wọ́ apànìyàn, ìtura rẹ̀ á ga ju ìtura lásán lọ. Òdìkejì rẹ̀ náà ń ṣẹlẹ̀. Bí fíìmù bá parí síbi, ìbínú tàbí ìbànújẹ́ ni ìgbóná yẹn á kún. Ìdí nìyẹn tí ẹlòmíràn fi ń wo fíìmù tán tí inú rẹ̀ bàjẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ṣé bí ẹ̀rù bá ṣe pọ̀ tó ni adùn ṣe ń pọ̀ tó?

Rárá. Ní 2020, àwọn olùwádìí láti Denmark tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe nílùú Vejle, nínú ilé kan tí wọ́n dìídì ṣètò láti máa fi dẹ́rù ba àwọn tó sanwó wọlé. Wọ́n so ẹ̀rọ tó ń ka lílù ọkàn mọ́ èèyàn 110. Àwọn tí ẹ̀rù bà díẹ̀ kò gbádùn rẹ̀ púpọ̀, àwọn tí ẹ̀rù bà kọjá ààlà kò gbádùn rẹ̀ púpọ̀, àwọn tó wà láàárín ló gbádùn rẹ̀ jù. Bí iyọ̀ ọbẹ̀ ló rí. Ìwọ̀n kálukú sì yàtọ̀, nítorí náà ẹ má ṣe fi ojú ojo wo ẹni tó dìde kúrò nídìí fíìmù. Tirẹ̀ ló ti kún.

Kí ló dé tí fíìmù tí kò ní àwọ̀, tí kò fi nǹkan hàn, fi ń bani lẹ́rù ju ti òde òní tó ń fi ohun gbogbo hàn?

Nítorí pé ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ẹni tó ń wò ó. Ẹ jẹ́ ká mú ìran kan nínú Cat People, tí Jacques Tourneur darí ní 1942. Owó tí ilé-iṣẹ́ RKO gbà kí Val Lewton, ẹni tó bójú tó iṣẹ́ náà, ná kò ju 150,000 dọ́là lọ, ìyẹn kò sì lè ṣe ẹranko abàmì tí yóò jọni lójú.

Obìnrin kan ń dá rìn lóru lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ọgbà kan ní New York. Obìnrin mìíràn ń tẹ̀lé e, ẹni tí a ti ń fura sí pé ó máa ń di ẹkùn. Kò sí orin kankan. Ìró bàtà àwọn méjèèjì nìkan là ń gbọ́: kò, kò, kò. Wọ́n ń bọ́ sínú ìmọ́lẹ̀ òpó iná, wọ́n ń bọ́ sínú òkùnkùn. Ìgbà tó yá, ìró bàtà ẹni ẹ̀yìn dákẹ́. Ti ẹni iwájú ló kù. Ó bojú wẹ̀yìn, kò rí ẹnikẹ́ni. Ó yára ẹsẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Lójijì nǹkan kan fín "ṣààà" bí ẹranko tó fẹ́ fò mọ́ni: bọ́ọ̀sì ló já wọlé láti apá ọ̀tún, tó dúró gbé èrò.

Ẹ tú u palẹ̀. Wọ́n kọ́kọ́ yọ orin kúrò, kí etí lè máa wá nǹkan gbọ́. Wọ́n fún etí ní ìró kan tó ń lọ déédéé, títí ó fi mọ́ ọn lára. Wọ́n gé ìró náà láì sọ ìdí. Wọ́n wá dúró. Ibi ìdúró yìí ni ẹni tó ń wò ó ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya ẹkùn sínú òkùnkùn, olúkúlùkù sì ń ya èyí tó bà á lẹ́rù jù. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ariwo ńlá tó wá láti ibi tí ojú kò sí. Títí di òní, àwọn oníṣẹ́ sinimá ṣì ń pe irú ìdágìrì bẹ́ẹ̀ ní "bọ́ọ̀sì" Lewton.

Ìgbésẹ̀ ìkẹyìn yẹn nìkan ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe fíìmù lónìí mú. Ológbò fò jáde, ariwo bú, èèyàn ta gìrì, ó tán. Ìdágìrì tí kò ní ìdúró níwájú kì í bá ẹnikẹ́ni dé orí ibùsùn. Alfred Hitchcock, olùdarí fíìmù, fi àpẹẹrẹ bọ́ǹbù ṣàlàyé rẹ̀. Bí bọ́ǹbù bá bú lábẹ́ tábìlì láìròtẹ́lẹ̀, ìdágìrì ìṣẹ́jú àáyá 15 ni ẹ fún òǹwòran. Bí òǹwòran bá ti mọ̀ pé bọ́ǹbù wà níbẹ̀, tí àwọn tó jókòó sí tábìlì kò mọ̀, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ eré bọ́ọ̀lù lọ ní tiwọn, ẹ ti fún un ní ìṣẹ́jú 15 tí kò ní lè mí dáadáa.

Nígbà mìíràn ìṣòro ló ń kọ́ni ní ọgbọ́n yìí. Ẹja ẹlẹ́rọ tí wọ́n ṣe fún Jaws, fíìmù 1975 nípa ẹja ńlá tó ń pa èèyàn, ń bàjẹ́ ṣáá nínú omi òkun. Steven Spielberg, tó darí rẹ̀, wá fi orin àti ojú omi rọ́pò ẹja náà, ó sì lé ní wákàtí kan kí a tó rí i dáadáa.

Kí ni iṣẹ́ orin àti ìró nínú rẹ̀?

Ó pọ̀ ju iṣẹ́ àwòrán lọ. John Carpenter fi Halloween, fíìmù rẹ̀ ti 1978, han ọ̀gá kékeré kan ní ilé-iṣẹ́ fíìmù kan kí orin àti ìró tó wọ inú rẹ̀. Ẹ̀rù kò ba obìnrin náà rárá. Carpenter padà lọ kọ orin dùrù tó ń ka márùn-ún níbi tí etí ti ń retí mẹ́rin. Ẹ fi ìka ta á lórí tábìlì: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún. Ẹ ó rí i pé ìlù náà kì í jókòó, ńṣe ló ń ti èèyàn síwájú. Ìbòjú apànìyàn inú fíìmù náà, ìbòjú rọ́bà tí wọ́n rà ní iye tí kò tó dọ́là 2 tí wọ́n sì kùn ní funfun, ì bá má bani lẹ́rù bẹ́ẹ̀ láìsí orin yẹn.

Nínú Psycho, fíìmù Hitchcock ti 1960, ọjọ́ 7 ni wọ́n fi ya ìran ilé ìwẹ̀ tí ìpànìyàn inú rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú kan. Omi ṣokoléètì ni wọ́n fi ṣe ẹ̀jẹ̀, torí pé fíìmù aláwọ̀ dúdú àti funfun kì í tú àṣírí àwọ̀. Ìró ọ̀bẹ, èso kan tí wọ́n ń pè ní casaba melon ni wọ́n gún. Hitchcock kò fẹ́ orin kankan níbẹ̀. Bernard Herrmann ló kọ ọ́ síbẹ̀síbẹ̀, ohun èlò olókùn nìkan ló sì lò, ìbátan gòjé, ó ń fà wọ́n lókè réré bí ẹni ń ké. Nígbà tí Hitchcock gbọ́ ọ, ó gbà.

Ìdí tí irú ohùn yẹn fi ń gúnni ni pé ó jọ ohùn ẹranko tí ìnira bá. Ọ̀fun tí wọ́n fipá mú kọjá agbára rẹ̀ máa ń ya, ohùn á ha, á fọ́. Daniel Blumstein, tó ń ṣèwádìí lórí igbe ọmọ ẹranko, yẹ ìró inú fíìmù wò ní 2010, ó sì rí i pé igbe tó fọ́ bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ nínú fíìmù adẹ́rùbani.

Mo ti wò ó rí, mo mọ ibi tí ó parí sí. Kí ló dé tí mo ṣì ń ta gìrì?

Ìmọ̀ kò dé ọ̀dọ̀ ojú tó ń ṣẹ́. Ẹ̀wẹ̀, ẹni tó mọ ohun tó ń bọ̀ ti di ẹni tó mọ̀ pé bọ́ǹbù wà lábẹ́ tábìlì.

Ọmọdé ńkọ́?

Ẹ ṣọ́ra gan-an níbí, nítorí pé ọmọ ọdún mẹ́rin kì í bẹ̀rù ohun tí àgbàlagbà ń bẹ̀rù. Joanne Cantor, tó kọ́ni ní Yunifásítì Wisconsin, rí i pé ìrísí ló ń ba àwọn ọmọ kéékèèké lẹ́rù. Àwọn ọmọ tó wo The Incredible Hulk, akọni aláwọ̀ ewé tó ń gba èèyàn là, ẹ̀rù rẹ̀ bà wọ́n nígbà tó ń yí padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni rere ni. Ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀ ló máa ń bẹ̀rù ohun tó lè ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, bí olè tàbí ajọ́mọgbé.

Nítorí náà, bí ọmọ kékeré bá ń sunkún, "irọ́ ni, eré ni" kì í ràn án lọ́wọ́. Ẹ pa fíìmù náà, ẹ tan iná, ẹ gbé e mọ́ra, ẹ fún un ní omi mu. Ti ọmọ ọdún mẹ́wàá, àlàyé á wọ̀ ọ́ létí: ẹ fi bí wọ́n ṣe ṣe é hàn án. Àlọ́ alẹ́ máa ń ní iwin nínú, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ìyá àgbà ni ọmọ máa ń jókòó sí, òun ló sì ń gbe orin rẹ̀. Ẹ má ṣe dá ọmọ fi sílẹ̀ pẹ̀lú fóònù.

Àgbàlagbà tí ohun búburú kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí náà, kó fi fíìmù tó jọ ọ́ sílẹ̀ ná. Ara rẹ̀ kò tíì gbà pé ewu ti kọjá.

Báwo ni kí n ṣe wò ó kí ó tó dùn?

Òkùnkùn àti ìdákẹ́jẹ́ ni ohun èlò àkọ́kọ́. Ìran ìró bàtà tí a sọ lókè kò lè ṣiṣẹ́ lábẹ́ ariwo jẹnẹrétọ̀. Ẹ lo íapíìsì, tàbí kí ẹ dúró de alẹ́ tí iná bá wà. Ẹ̀rọ ohùn inú fóònù kì í gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde, bẹ́ẹ̀ ohùn ìsàlẹ̀ ni ẹja Jaws fi ń bọ̀.

Ẹ wọ inú ètò tẹlifíṣọ̀n, ẹ pa ohun tí wọ́n ń pè ní motion smoothing. Àwòrán 24 ni fíìmù tó ń sọ̀rọ̀ ń gbé kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tẹlifíṣọ̀n tó bá fi tirẹ̀ kún un á sọ ọ́ di ohun tó jọ ìròyìn. Ẹ má sì jẹ́ kó fa àwòrán fẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù tó jáde kí àwọn ọdún 1950 tó dé, bí ìbú bá jẹ́ 4, gíga á jẹ́ 3. Tó bá kún ojú tẹlifíṣọ̀n òde òní láì fi àlàfo dúdú sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, ó ti fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ojú gbogbo èèyàn á sì wú.

Ti fíìmù tí kò sọ̀rọ̀, ẹ yan ẹ̀dà dáadáa. Nosferatu tí F. W. Murnau ṣe ní Jámánì ní 1922 pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ẹjọ́ ti pàṣẹ nígbà kan pé kí wọ́n ba gbogbo ẹ̀dà rẹ̀ jẹ́, torí pé wọn kò gba àṣẹ lórí ìwé Dracula tí wọ́n mú ìtàn rẹ̀. Ojú ọ̀sán ni wọ́n ti ya ọ̀pọ̀ ìran òru rẹ̀. Wọ́n wá pa fíìmù náà láró búlúù kó lè jọ òru. Àwọn ẹ̀dà kan ti pàdánù aró yẹn. Bí ẹ bá rí òkú afàmùjẹ̀ náà tó gbé pósí rẹ̀ ń rìn láàárín ìlú bí ẹni pé oòrùn ń ràn, ẹ pa á, kí ẹ wá ẹ̀dà tí òru rẹ̀ jẹ́ búlúù.