Kí ló ń gbé hẹlikọ́pítà lọ bá wáyà nígbà tó bá fẹ́ balẹ̀?

Nígbàkígbà tí ìròyìn bá jáde pé hẹlikọ́pítà gbá òpó tàbí ògiri bó ṣe fẹ́ balẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kì í yé àwọn ará wa l'Ékìtì. Ọkọ̀ tó lè dúró lójú kan lókè, kí ló gbé e dé ìdí òpó? Àwọn ìbéèrè tí ẹ ń bi wá nìyí.

Ṣé kò lè sọ̀ kalẹ̀ ṣánṣán láti òkè ni?

Ó lè ṣe é, àmọ́ ewu ń bẹ níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí fáànù orí rẹ̀ ń tì sísàlẹ̀ ló gbé e dúró. Tó bá ń yára sọ̀ kalẹ̀ láìrìn síwájú, inú afẹ́fẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ tì sísàlẹ̀ ló ń rì sí. Afẹ́fẹ́ náà á máa yí po létí fáànù, ọkọ̀ á sì máa já wálẹ̀. Bí awakọ̀ bá tún tẹ iná mọ́ ọn, ńṣe ló ń burú sí i. Yàtọ̀ sí èyí, bí ẹ́ńjìnnì bá kú, èyí tó ń rìn síwájú ṣì lè rí afẹ́fẹ́ tí yóò máa yí fáànù rẹ̀ títí yóò fi balẹ̀. Torí náà, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ló máa ń bọ̀, bí ẹni ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè Ẹ̀fọ̀n. Orí òrùlé, igi àti wáyà ló sì ń gbà kọjá kó tó dé pápá.

Ṣé awakọ̀ ò rí wáyà ni?

Lọ́pọ̀ ìgbà, kò rí i. Wáyà tín-ín-rín, ó sì máa ń parẹ́ mọ́ àwọ̀ igbó. Òpó ni awakọ̀ ń wò: tó bá rí méjì, ó gbọ́dọ̀ gbà pé wáyà wà láàárín wọn. Níbi tí ilẹ̀ ti jẹ́ òkè àti àfonífojì bíi tiwa, igbó lè bo òpó, kí wáyà sì na kọjá lójú òfo.

Ògiri ńkọ́?

Awakọ̀ kì í rí ìrù ọkọ̀ rẹ̀. Fáànù kékeré tó wà níbẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ara ọkọ̀ máa pòyì. Tó bá gbá nǹkan, pípòyì ló kù. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2011, hẹlikọ́pítà ológun Amẹ́ríkà kan já nínú ọgbà Osama bin Laden ní Pakistan: afẹ́fẹ́ tí a sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn já a wálẹ̀, ìrù rẹ̀ sì gbá ògiri.

Ṣé ojú ọjọ́ lọ́wọ́ sí i?

Gan-an ni. Ní ọjọ́ 16 oṣù kìíní ọdún 2013, hẹlikọ́pítà kan tó ń yà lọ balẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù gbá kíréènì nínú kùrukùru. Awakọ̀ kú, ẹni kan tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ nísàlẹ̀ náà kú. Nítòsí wa níbí, ní Kábà, ọjọ́ 2 oṣù kejì ọdún 2019, eruku tí fáànù gbé dìde ló bo ojú awakọ̀ tó gbé Igbákejì Ààrẹ ìgbà náà, Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò. Ọkọ̀ já, àmọ́ gbogbo àwọn 12 tó wà nínú rẹ̀ ló yọ.

Iná pupa orí másìtì ńkọ́?

Torí èyí gan-an ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀. Bí ti àdúgbò yín bá kú, ẹ lọ sọ fún àwọn tó ni ín.

Wọ́n ní hẹlikọ́pítà ń bọ̀ ní pápá ilé-ìwé wa. Kí ni ká ṣe?

Ẹni tó pè é ni kó sọ gbogbo wáyà tó yí pápá ká fún awakọ̀, pàápàá èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà láti ẹ́ńjìnnì iná, àti bánà tí wọ́n ta láàárín òpó méjì. Ẹ kó kánópì, tápólì àti páànù tí a ò kàn mọ́lẹ̀ kúrò. Ẹ wọ́n omi sílẹ̀ lásìkò ọyẹ́. Ẹ̀yin tíṣà àti òbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ di àwọn ọmọ mú! Wọ́n máa ń sáré lọ bá a kí fáànù tó dúró. Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gba ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ síbẹ̀. Bí pápá bá dagẹ̀rẹ́, ẹ má gba apá òkè wọlé, nítorí níbẹ̀ ni fáànù ti súnmọ́ orí èèyàn jù.

Tó bá já ńkọ́?

Ẹ pe 112. Ẹ má fọwọ́ kan ọkọ̀ tí wáyà bá wà lára rẹ̀, iná lè ṣì wà nínú wáyà náà. Ẹ má ṣáná, ẹ má mu sìgá nítòsí, torí epo.