Ta ló ń bọ́ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí kò lẹ́ni tó ni ín mọ́?

Ní Sidmouth, lágbègbè Devon nílẹ̀ England, ibì kan wà tó ń jẹ́ The Donkey Sanctuary. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí wọ́n pa tì, èyí tí ìyà ti jẹ gan-an, èyí tí ẹni tó ni ín ti kú, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó wọn lọ, wọn kì í sì í tà wọ́n. Ọdún 1969 ni Elisabeth Svendsen dá a sílẹ̀. Nígbà tó di 1974, obìnrin kan tóun náà ń ṣaájò ẹran kú, ó sì ti kọ ọ́ sínú wíìlì ẹ̀ pé kí wọ́n kó kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ òun fún Svendsen, 204 ni wọ́n! Ẹ fojú inú wò ó, 204 ẹnu tó gbọ́dọ̀ jẹun láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Ibi tọ́rọ̀ owó ti le nìyẹn o. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí wọ́n bá tọ́jú dáadáa lè lò ju 30 ọdún lọ, kó máa jẹ pòròpórò ọkà bálì lójoojúmọ́, kí wọ́n máa gé pátákò ẹ̀ ní bíi ọ̀sẹ̀ 6 sí 10 síra wọn, kí dókítà máa wo eyín ẹ̀. Wọ́n tún máa ń lọ́rẹ̀ẹ́ kòríkòsùn, tí wọ́n bá ya méjì, èyí tó kù lè kọ oúnjẹ, ọ̀rá á wá kún inú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, ìyẹn sì lè pa á. Torí ẹ̀ tí ọ̀kan bá ń lọ ọsibítù, ọ̀rẹ́ ẹ̀ á tẹ̀ lé e lọ, tí ọ̀kan bá sì kú, wọ́n á jẹ́ kí ìkejì dúró ti òkú ẹ̀ títí òun fúnra ẹ̀ á fi kúrò níbẹ̀. Inú àkáǹtì, ẹran méjì lẹ ó máa náwó lé lórí kì í ṣe ẹyọ kan.

Ogún ló pọ̀ jù nínú owó tó ń wọlé fún wọn, ìyẹn ohun táwọn èèyàn kọ sínú wíìlì. Òfin ibẹ̀ ràn án lọ́wọ́: owó orí lórí ogún tó bá kọjá £325,000 jẹ́ 40%, àmọ́ wọn kì í gba kọ́bọ̀ lórí èyí téèyàn fi sílẹ̀ fún ṣárítì, ìyẹn ẹgbẹ́ aláàánú bíi Sanctuary yìí, tó bá sì tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ogún tí owó orí kàn, 40% yẹn á wálẹ̀ sí 36%. Wàhálà ibẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́ ikú. Ogún lè rọ̀ bí òjò lọ́dún yìí kó dá lọ́dún tó ń bọ̀, ẹran ò sì mọ ìyẹn. Ìdí tí wọ́n fi ń tọ́jú owó pamọ́ nìyẹn. Àwọn kan máa ń bínú tí wọ́n bá rí i pé ṣárítì lówó ní báńkì, àmọ́ ibi tó ń bọ́ ẹran tí kò ní nǹkan kan nílẹ̀ ló yẹ kó bà wá lẹ́rù.

Kì í ṣe gbogbo owó ni wọ́n lè ná bó ṣe wù wọ́n. Tẹ́nì kan bá ní tàwọn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ Ethiopia lowó òun, wọn ò lè fi tún ọgbà ṣe ní Devon.

Ta ló wá ni gbogbo ẹ̀? Kò sẹ́ni tó ni ín, kódà ọmọ ẹni tó dá a sílẹ̀ ò lè jogún ẹ̀. Àwọn trustee, ìyẹn àwọn alábòójútó, ló ń pàṣẹ, wọn kì í gba owó oṣù, àwọn ló ń gba ọ̀gá àgbà síṣẹ́, àwọn ni ìjọba á sì bi léèrè tí owó bá sọnù. Láàárín oṣù 10 tí ọdún owó bá parí, àkáǹtì wọn gbọ́dọ̀ ti dé Charity Commission, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó àwọn ṣárítì, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló sì wà, ẹnikẹ́ni lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Iye òṣìṣẹ́ tó ń gbà ju £60,000 lọ́dún wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹ tètè ṣí ojú ìwé yẹn.

Wọ́n tún máa ń fún àwọn èèyàn tó ní pápá ní kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ méjì méjì láti máa tọ́jú, ìyẹn ń dín ìnáwó kù, ṣùgbọ́n ti Sanctuary ṣì ni wọ́n. Tí nǹkan bá ṣe ilé ọ̀hún, wọ́n á wá kó wọn padà, àwọn méjèèjì pa pọ̀.