Bí Ìrànlọ́wọ́ Ṣe Dé Inú Áàpù Orí Fóònù

Àpótí ọ̀rọ̀ kékeré tó máa ń yọ lójú áàpù, tó ń sọ fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí i pé ibí ni kó tẹ̀ bó bá fẹ́ fi owó ránṣẹ́, ti wà ṣáájú fóònù tó gbé e lọ́wọ́. Orí kọ̀ǹpútà àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ni wọ́n ti bí i, láti inú ìbéèrè kan tó ti ń da àwọn onímọ̀ láàmú tipẹ́: kí ló dé tí ènìyàn kì í fẹ́ ka ìwé ìlànà tí wọ́n dìídì kọ fún un?

Ìwé ni ìrànlọ́wọ́ níbẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ṣẹ̀dá Unix, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ní ibùdó ìwádìí Bell Labs gbé ìwé ìlànà àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 1971, ẹni tó bá sì fẹ́ mọ iṣẹ́ tí àṣẹ kan ń ṣe gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ orúkọ àṣẹ náà kó tó lè wá a. WordStar, ètò ìkọ̀wé tó jáde ní 1978, tẹ́ àwọn àṣẹ rẹ̀ sí apá òkè ojú kọ̀ǹpútà, ó sì jẹ́ kí òǹlò fúnra rẹ̀ yan ìwọ̀n ìrànlọ́wọ́ tó ń fẹ́, láti 3, níbi tí ohun gbogbo ti hàn, títí dé 0. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá ti mọ́ iṣẹ́ náà yóò dín in kù, àyè ìkọ̀wé rẹ̀ yóò sì gbòòrò sí i. Nígbà tí Lotus 1-2-3, ètò ìṣirò kan, dé ní 1983, bọ́tìnnì F1 ni wọ́n ń tẹ̀, ìrànlọ́wọ́ tó bá sì yọ a máa bá ibi tí òǹlò dé nínú iṣẹ́ rẹ̀ mu.

Ṣùgbọ́n ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jinlẹ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, lójú tèmi, ni John Carroll, tó wà ní ibùdó ìwádìí IBM ní Yorktown Heights, ní ìpínlẹ̀ New York. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó ti àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tí wọn kò lo kọ̀ǹpútà ìkọ̀wé rí, wọ́n ní kí wọ́n máa sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn síta bí wọ́n ti ń kọ́ ọ. Àwọn ènìyàn náà fo ojú ìwé, wọ́n méfò, wọ́n tẹ bọ́tìnnì tí ẹnikẹ́ni kò ní kí wọ́n tẹ̀, torí pé lẹ́tà ni wọ́n fẹ́ kọ, wọn kò wá kàwé. Carroll kò pè wọ́n ní ọ̀lẹ. Ó gbà pé bí ènìyàn ṣe ń kọ́ iṣẹ́ nìyẹn, ó sì gbájú mọ́ bí wọ́n ṣe máa tún ẹ̀rọ ṣe. Ní 1984, òun àti Caroline Carrithers gbé ìwádìí jáde lórí ẹ̀dà kọ̀ǹpútà ìkọ̀wé IBM Displaywriter kan tí wọ́n ti ti gbogbo ibi tó máa ń da akẹ́kọ̀ọ́ rú pa. Ẹni tó bá ṣìnà dé ibẹ̀ kò ní bá ìjàm̀bá pàdé. Ẹ̀rọ yóò kàn sọ fún un pé iṣẹ́ yẹn kò sí nínú ẹ̀dà ìkọ́ṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀gá télọ̀ ṣe máa ń fi ọmọ-iṣẹ́ sídìí jíjá òwú àti rírán etí aṣọ kó tó gbé àǹkárá oníbàárà lé e lọ́wọ́ pé kó gé e. Àwọn tó lo ẹ̀dà náà tètè parí lẹ́tà wọn, àkókò tí àṣìṣe gbà lọ́wọ́ wọn sì kéré.

Apple gba ọ̀nà mìíràn. Nínú System 7, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà Macintosh wọn, tó jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 1991, wọ́n fi Balloon Help sí i: bí òǹlò bá ti tan án, ohunkóhun tó bá gbé máòsì lé yóò ṣàlàyé ara rẹ̀ nínú àmì ọ̀rọ̀ bíi ti ìwé ìtàn aláwòrán. Láìpẹ́ ó di ìdíwọ́, nítorí pé gbogbo ibi tí máòsì bá gbà kọjá ló ń sọ̀rọ̀. Àwọn olùwádìí méjì, Abigail Sellen àti Anne Nicol, sì ti pín ìbéèrè òǹlò sí oríṣi márùn-ún ní 1990: kí ni mo lè fi èyí ṣe, kí ni èyí, báwo ni mo ṣe máa ṣe é, kí ni ìtumọ̀ ohun tó ṣẹlẹ̀ yìí, àti níbo ni mo wà. Ìkejì ni Balloon Help ń dáhùn jù. Apple Guide, tó bá System 7.5 dé ní 1994, dojú kọ ìkẹta. Fèrèsé kékeré kan yóò sọ ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo, ìlà pupa kan yóò sì yí ohun tó yẹ kí òǹlò tẹ̀ ká lójú kọ̀ǹpútà níbẹ̀, bí ẹni fi máákà fà á, ètò náà sì lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ti ṣe é kó tó sún síwájú. Coachmark ni wọ́n pe ìlà yẹn, orúkọ tí àwọn tó ń ṣe áàpù ṣì ń lò títí dòní.

Microsoft gbìyànjú láti mọ ohun tí òǹlò ń fẹ́ kó tó béèrè. Eric Horvitz, olùwádìí níbẹ̀, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe ìwádìí tó jinlẹ̀ lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n òfin tó rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ ni olùrànlọ́wọ́ tó wà nínú Office 97, àkójọ ètò iṣẹ́ ọ́fíìsì wọn, gbára lé. Àwọn ènìyàn kórìíra bó ṣe ń yọ sí wọn láìpè. Ní 2001 wọ́n pa á, àfi bí òǹlò bá tan án. Nígbà tí Office 2007 fi máa jáde, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò.

Lẹ́yìn náà ni fóònù dé. iPhone jáde ní 2007, App Store sì ṣí ní ọjọ́ 10 oṣù keje ọdún 2008. F1 lọ. Máòsì tí ènìyàn lè gbé lé nǹkan láì tẹ̀ ẹ́ náà lọ, nítorí pé títẹ̀ ni ìka mọ̀, ó sì tún ń bo ohun tó ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Fífi ìka fa nǹkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí títẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ́ kò ní àmì kankan tó ń fi wọ́n han ojú. Àwọn tó ń ṣe áàpù wá fi ojú ewé mẹ́rin tàbí márùn-ún ṣáájú ohun gbogbo, tàbí kí wọ́n da òkùnkùn bo ojú áàpù, kí wọ́n fi ọfà tọ́ka sí bọ́tìnnì mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà. Ìwé ìlànà tí àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì fò níwájú Carroll ló padà wá, a sì ń fò ó bí wọ́n ṣe fò ó, nípa títẹ “Skip”.

Àwọn tó ṣe dáadáa ni àwọn tó dín ọ̀rọ̀ kù. Ojú áàpù tó ṣófo fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ohun tí òǹlò máa kọ́kọ́ ṣe, ìmọ̀ràn kan ṣoṣo yóò sì yọ nígbà tí ènìyàn bá dé ibi tó ti wúlò. Ní 2023, Apple gbé TipKit jáde fún àwọn tó ń kọ áàpù: òun ló ń jẹ́ kí wọ́n ṣòfin ìgbà tí ìmọ̀ràn máa yọ àti bí yóò ṣe máa yọ léraléra tó, kó sì lọ pátápátá bí òǹlò bá ti ṣe ohun náà fúnra rẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ ṣì pọ̀ jù fún wa ni èdè. Gẹ̀ẹ́sì ni ìrànlọ́wọ́ inú ọ̀pọ̀ áàpù ilé ìfowópamọ́ tí àwọn ìyá wa ń lò ní ọjà, nítorí náà ìbéèrè kẹrin nínú márùn-ún yẹn, èyí tó ń wá ìtumọ̀, kì í tíì kan áàpù fúnra rẹ̀. Ìrànlọ́wọ́ náà ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbé tọ ọmọ wọn lọ pé kó bá àwọn túmọ̀.