Bí Moshoeshoe ṣe fi màlúù kó orílẹ̀-èdè jọ

Ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, kò tíì sí orílẹ̀-èdè tó ń jẹ́ ti àwọn Basotho, èyí tí à ń pè ní Lesotho lónìí. Ìdílé àti abúlé kéékèèké ló wà lẹ́bàá odò Caledon ní gúúsù Áfíríkà, kálukú ló sì ní baálẹ̀ tirẹ̀. Mokhachane ti Menkhoaneng jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, kì í tilẹ̀ ṣe ẹni ńlá. Ní nǹkan bí 1786 ni wọ́n bí ọmọ rẹ̀, Lepoqo, tí ayé wá mọ̀ sí Moshoeshoe.

Nígbà èwe, kíkó màlúù onímàlúù ni ọmọ yìí fi gbayì. Kò sẹ́ni tó kà á sí olè níbẹ̀ nígbà náà. Màlúù ni owó, òun ni wọ́n fi ń fẹ́yàwó, òun náà ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó rí jájẹ. Mohlomi, bàbá ọlọ́gbọ́n kan, ló gbà á nímọ̀ràn pé kó fi inúure ṣèjọba, kó má sì fojú di tálákà.

Ogun ló fi hàn pé ìmọ̀ràn náà wúlò. Lẹ́yìn 1820, rògbòdìyàn tí àwọn Basotho ń pè ní Lifaqane tú ìlú ká, ìyàn sì mú débi pé àwọn kan ń jẹ ènìyàn. Ní 1824, Moshoeshoe kó àwọn tirẹ̀ kúrò ní Butha-Buthe lọ sí Thaba Bosiu, òkè tó tẹ́ pẹrẹsẹ lórí, tó ní omi ìsun àti koríko, tó sì jẹ́ pé ọ̀nà tóóró díẹ̀ ló gùn ún. (Láàárín ọdún wọ̀nyẹn náà ni ogun lé àwọn Ẹ̀gbá nílé, tí wọ́n fi tẹ̀dó sábẹ́ Olúmọ ní 1830.) Lójú ọ̀nà Thaba Bosiu, àwọn ajènìyàn mú Peete, bàbá àgbà Moshoeshoe, wọ́n sì pa á jẹ.

Àwọn Basotho máa ń sọ pé nígbà tí ọwọ́ tẹ àwọn ajènìyàn náà, Moshoeshoe kò jẹ́ kí wọ́n pa wọ́n. Ó ní inú wọn ni ibojì bàbá àgbà òun wà, òun kò sì ní ba ibojì jẹ́. Àwọn kan ń sọ ìtàn yìí bí ẹni ń sọ ti ẹni mímọ́. Lójú tèmi, ọgbọ́n òṣèlú ló pọ̀ jù níbẹ̀: ẹni tó ń wá ènìyàn kún ìlú kì í pa èyí tó rí. Nígbà tí àwọn Ndebele, tí Mzilikazi jẹ́ ọba wọn, gbógun ti òkè náà ní 1831, òkúta ni wọ́n yí lù wọ́n títí wọ́n fi padà sẹ́yìn. Moshoeshoe wá fi màlúù ránṣẹ́ tẹ̀lé wọn, ó ní ebi ló gbé wọn wá.

Màlúù yìí gan-an ni ìpìlẹ̀ ìjọba rẹ̀. Bí ẹni tí ogun sọ di aláìní bá dé, Moshoeshoe á fún un ní màlúù sìn. Mafisa ni wọ́n ń pè é. Ọmọ tí màlúù bá bí, ti ọba ni; wàrà jẹ́ ti ẹni tó ń sìn ín. Ta ni yóò wá jókòó sílé nígbà tí ọba bá pe ogun, tó jẹ́ pé màlúù ọba ló ń bọ́ ọmọ rẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni kò gba oyè lọ́wọ́ àwọn olórí tó kó ènìyàn wọn wá bá a, irú Moletsane ti àwọn Taung àti Moorosi ti àwọn Phuthi.

Ní 1833, àwọn míṣọ́nnárì Faransé dé. Òun ló ránṣẹ́ wá wọn, màlúù náà ló sì fi ránṣẹ́. Casalis, ọ̀kan nínú wọn, di ẹni tó ń bá a kọ lẹ́tà sáwọn òyìnbó.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni màlúù kò lè yanjú. Àwọn Boer, òyìnbó àgbẹ̀, ń wọ ìwọ̀ oòrùn Caledon wá, Moshoeshoe sì gbà wọ́n bí àlejò tó ń wá koríko fún ẹran. Àwọn Basotho kì í ta ilẹ̀. Àwọn Boer gbà pé ibi tí àwọn kọ́lé sí ti di tàwọn. Ní 1849, Warden, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, fa ààlà tó gbè wọ́n. Ní oṣù Kejìlá 1852, Cathcart, gómìnà Gẹ̀ẹ́sì ní Cape, kó ọmọ ogun wá, ó ní kí Moshoeshoe san màlúù 10,000 àti ẹṣin 1,000. Ojú Cathcart rí nǹkan lórí òkè Berea. Lóru ọjọ́ ìjà náà, Moshoeshoe kọ lẹ́tà sí i, ó bẹ̀ ẹ́ pé ìyà tó fi jẹ òun ti tó. Báyìí ni Cathcart ṣe rí ọ̀nà lọ láìtẹ́. Mo fẹ́ràn lẹ́tà yẹn ju gbogbo ogun tí Moshoeshoe jà lọ.

Àwọn Boer ti Orange Free State, ìjọba tiwọn, kò ṣeé fi lẹ́tà tù. Wọ́n jagun ní 1858, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ní 1865. Wọn kò rí Thaba Bosiu gbà, ibẹ̀ tilẹ̀ ni ọ̀gágun wọn, Wepener, kú sí. Ṣùgbọ́n wọ́n sun oko, wọ́n sì kó ẹran lọ. Ọba ti darúgbó, àwọn ọmọ rẹ̀ kò fohùn ṣọ̀kan. Molapo, ọ̀kan nínú wọn, dá bá àwọn Boer ṣàdéhùn tirẹ̀ ní 1866. Nígbà tí màlúù tán, kí ló kù tí ọba yóò fi dì wọ́n pọ̀? Ó bẹ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹta 1868, gómìnà Wodehouse kéde pé ilẹ̀ náà ti wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Lọ́dún kejì, ní Aliwal North, Gẹ̀ẹ́sì àti Boer jọ pín ààlà, ilẹ̀ ọlọ́ràá tó wà ní ìwọ̀ oòrùn odò Caledon sì bọ́ lọ́wọ́ Moshoeshoe.

Moshoeshoe kú ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta 1870. Lesotho gba òmìnira ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá 1966, ṣùgbọ́n ilẹ̀ òdìkejì Caledon ṣì wà lọ́wọ́ Gúúsù Áfíríkà. Ní 2023, aṣòfin kan gbé àbá wá sí ilé ìgbìmọ̀ ní Maseru, olú-ìlú Lesotho, pé kí wọ́n gbà á padà.