Ẹ̀rín Ọjọ́ Ẹtì: bí wọ́n ṣe ń ṣe The Carol Burnett Show

Eyín ń dun Harvey Korman. Ó ti jókòó sórí àga dókítà eyín, ó la ẹnu sílẹ̀. Dókítà tó fẹ́ tọ́jú rẹ̀, Tim Conway, ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ìwé ni, kò tíì yọ eyín ẹnikẹ́ni rí. Ó gbé abẹ́rẹ́ tó ń mú kí ara kú, ó sì ṣèèṣì fi gún ọwọ́ ara rẹ̀. Ọwọ́ kú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ju ọwọ́ náà kiri bí aṣọ tútù tí wọ́n fẹ́ sá sórí okùn. Ó tún gbìyànjú, abẹ́rẹ́ wọ itan rẹ̀, ẹsẹ̀ kan náà kú. Korman tó yẹ kó máa ké ìrora ti fi ọwọ́ bojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹ̀rín ti fẹ́ pa á.

Ọdún 1969 ni wọ́n gbé eré yìí sáfẹ́fẹ́ nínú The Carol Burnett Show, ètò àwàdà kan lórí tẹlifíṣàn Amẹ́ríkà, àwọn èèyàn ṣì ń wò ó lórí YouTube títí dòní. Ẹni tó bá wò ó á ní àrà òjijì ni, pé Conway kàn dá a lójú ẹsẹ̀ ni. Àrà ni lóòótọ́. Àmọ́ ẹni tó ń dá irú àrà bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ibi tó fẹ̀yìn tì, torí tẹlifíṣàn ìgbà náà kò fẹ́ràn ìjàǹbá: àkókò ní iye, ìpolówó ọjà ń dúró, owó ńlá sì wà nílẹ̀. Ohun tí Conway fẹ̀yìn tì ni bí wọ́n ṣe to iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ náà, pàápàá jù lọ ọjọ́ Ẹtì.

Ìwé àdéhùn kan ló bí ètò ọ̀hún. Carol Burnett, aláwàdà obìnrin tó ni ètò náà, ti gbajúmọ̀ lórí ètò mìíràn, The Garry Moore Show, kí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn CBS tó bá a tọwọ́ bọ̀wé ọdún mẹ́wàá. Gbólóhùn kan wà nínú ìwé náà pé bó bá wù ú láàárín ọdún márùn-ún àkọ́kọ́, CBS gbọ́dọ̀ fún un ní ètò oníwákàtí kan tí orin, ijó àti àwàdà máa wà nínú rẹ̀, 30 ìgbà. Bí wọn ò bá sì gbé e sáfẹ́fẹ́, wọ́n á san owó rẹ̀ bákan náà. Ọdún karùn-ún ku nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan kó parí nígbà tí Burnett gbé fóònù. Ọ̀gá CBS tó bá a sọ̀rọ̀, Mike Dann, ní iṣẹ́ ọkùnrin nìyẹn, ó ka orúkọ àwọn ọkùnrin tó ń ṣe é fún un, ó sì fi eré ìdajì wákàtí lọ̀ ọ́. Burnett kọ̀. Ohun tó wà nínú ìwé ló ń béèrè. Ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1967 ni ètò náà bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1978 ló sì parí.

Ètò kan fún ọ̀sẹ̀ kan ni. Àwọn òǹkọ̀wé ti gbọ́dọ̀ kọ eré sílẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó wọlé, torí ọjọ́ Ajé ni gbogbo òṣèré máa ń yí tábìlì ká láti kà á sókè. Ibi tí ẹnikẹ́ni ò bá ti rẹ́rìn-ín, wọ́n á mú un padà lọ tún kọ. Ó di gbọ̀ngàn ìdánrawò lẹ́yìn ìyẹn: kò sí aṣọ eré, kò sí ògiri, kò sí àtẹ̀gùn, wọ́n á kàn sàmì sílẹ̀ pé ilẹ̀kùn rèé, àga rèé. Lọ́tọ̀, Ernie Flatt ń kọ́ àwọn oníjó. Bí ọ̀sẹ̀ ṣe ń lọ sópin ni ẹgbẹ́ olórin á dé, tí kámẹ́rà náà á sì wá mọ ibi tí oníkálukú máa dúró sí. Ọjọ́ Ẹtì ni ìgbàsílẹ̀, ní Studio 33 ní CBS Television City, Los Angeles.

Àwọn onílé, ìyẹn òṣèré tó wà nínú ètò náà lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, kì í pọ̀. Burnett fúnra rẹ̀, Korman, Lyle Waggoner tó rẹwà, tí wọ́n sì ń fi ẹwà náà ṣe yẹ̀yẹ́, àti Vicki Lawrence, ọmọ ilé ìwé gíga tó kọ lẹ́tà sí Burnett pé àwọn èèyàn ní òun jọ ọ́. Lẹ́tà yẹn ló gbé e dé ìdí iṣẹ́. Àlejò ni Conway jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọdún 1975 ló tó di ọmọ ilé.

Ní ti àlejò, àlejò bí òkété là ń fi èkùrọ́ lọ̀. Ohun tí àwọn òǹkọ̀wé ń ṣe gan-an nìyẹn. Bó bá jẹ́ olórin bí Ella Fitzgerald tàbí Ray Charles, wọ́n á fún un ní àyè láti dá kọrin, òun àti Burnett á tún jọ kọ ọ̀kan, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá fi sínú eré kékeré kan. Bó bá jẹ́ aláwàdà bí Lucille Ball, eré ni wọ́n á kọ fún un ju orin lọ. Ẹgbẹ́ olórin Jackson 5 wá, Michael Jackson ṣì jẹ́ ọ̀dọ́langba. Jim Nabors ló ń jẹ́ àlejò àkọ́kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún eré kọ̀ọ̀kan, torí Burnett gbà pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mú ire wá. Àmọ́ iṣẹ́ tó wúwo nínú eré, orí àwọn onílé ló wà. Àwọn ló mọ ìgbà tí wọ́n á dúró de ẹ̀rín àwọn òǹwòran àti ìgbà tí wọ́n á sáré. Ọgbọ́n ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀: gbajúmọ̀ tí kò ṣàwàdà rí lè wọlé lọ́jọ́ Ajé, kó sì pani lẹ́rìn-ín lọ́jọ́ Ẹtì láìmọ̀ bó ṣe ṣe é.

Ẹni kan tí kì í hàn lójú tẹlifíṣàn, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì wà níbi gbogbo, ni Bob Mackie. Òun ló ń ya gbogbo aṣọ: ti Burnett, ti àlejò, ti oníjó, lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, fún ọdún mọ́kànlá. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1976, ilé iṣẹ́ NBC fi Gone with the Wind, fíìmù ọdún 1939 tó dá lórí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, hàn lórí tẹlifíṣàn ní òru ọjọ́ 7 àti 8. Ọjọ́ 13 ni Burnett gbé ẹ̀dà yẹ̀yẹ́ rẹ̀ jáde, pẹ̀lú Dinah Shore gẹ́gẹ́ bí àlejò. Fíìmù náà ṣì wà lójú àwọn èèyàn roro. Nínú rẹ̀, obìnrin kan tí ogun ti sọ di òtòṣì já kọ́tìnì fèrèsé, ó fi rán aṣọ kó lè lọ fi ojú ọlọ́lá han ọkùnrin olówó. Ohun tó wà nínú ìwé eré Burnett ni pé kó kàn fi kọ́tìnì náà wọ́ ara jáde. Mackie rò ó, ó rí i pé kò dùn tó. Ó rán aṣọ gidi, aláwọ̀ ewé, olówùú wúrà, ṣùgbọ́n ó fi ọ̀pá kọ́tìnì sílẹ̀ sínú rẹ̀, gbalaja láti èjìká kan dé èkejì. Burnett yọ lórí àtẹ̀gùn, ọ̀pá ta síwá ta sẹ́yìn, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ọlá bí ayaba. Korman yin aṣọ náà. Burnett dáhùn pé ojú fèrèsé lòun ti rí i, òun ò sì lè mójú kúrò, bí ẹni pé fèrèsé ṣọ́ọ̀bù ló ń sọ.

Kí ó tó la ẹnu ni ilé ti dà rú. Mackie ò kọ ọ̀rọ̀ kan, igi lásán ló fi kún un, igi yẹn ló sì sọ àwàdà tí ìbá kọjá lọ jẹ́ẹ́jẹ́ di ohun mánigbàgbé. Aṣọ náà ti wà ní Smithsonian, ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Washington, báyìí.

Ó wá ku ọjọ́ Ẹtì. Ọ̀pọ̀ ètò ìgbà náà máa ń háyà aláwàdà mìíràn láti mú ara àwọn òǹwòran yá gágá kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Níbí, Burnett fúnra rẹ̀ ló ń jáde, á ní kí wọ́n tan iná sójú àwọn èèyàn, ẹni tó bá ní ìbéèrè á sì nawọ́. Kò sí ẹni tí wọ́n ti kọ́ ní ohun tó máa bi í. Ẹ̀rù bà á níbẹ̀rẹ̀, ó bẹ̀rù pé ẹnikẹ́ni ò ní bi òun ní nǹkan kan, ó tún bẹ̀rù pé wọ́n á bi òun. Ohun tó jẹ́ àǹfààní ibẹ̀ ni pé nígbà tí aṣọ ìtàgé bá fi máa ṣí, àwọn òǹwòran ti mọ̀ ọ́n bí ẹni ń mọ aládùúgbò. Ẹni tó mọ̀ ọ́n kì í fi ẹ̀rín ahun dá a lóhùn.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ṣe gbogbo eré látòkèdélẹ̀, kámẹ́rà ń gbà á. Burnett kì í fẹ́ kí wọ́n máa dá eré dúró. Ó máa ń sáré pààrọ̀ aṣọ lẹ́yìn ìtàgé kí àwọn èèyàn má bàa jókòó tutù. Tí ó bá parí, àwọn òǹwòran yẹn á lọ, àwọn òṣèré á sinmi díẹ̀, olùdarí, Dave Powers, á sọ ibi tó kù díẹ̀ káàtó. Tó bá di alẹ́, òǹwòran mìíràn á wọlé, wọ́n á sì tún gbogbo rẹ̀ ṣe, pẹ̀lú aṣọ kan náà, ìtàgé kan náà. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni wọ́n gbà sórí tépù. Ẹni tó ń to ètò pọ̀ á wá mú èyí tó dára jù nínú méjèèjì, apá kan láti ọ̀sán, apá kan láti alẹ́. Burnett á fi ọwọ́ fa etí rẹ̀ níparí, àmì tó fi ń kí ìyá àgbà tó tọ́ ọ dàgbà, àlejò á sì buwọ́ lu ìwé rẹ̀.

Ibi tí Conway ti rí àyè rẹ̀ nìyí. Ní ti ọ̀sán, ọmọ dáadáa ni: á sọ ohun tó wà nínú ìwé, á dúró síbi tí wọ́n ní kó dúró. Tí wọ́n bá parí, á bi Powers bóyá gbogbo rẹ̀ ti wọ tépù. Tó bá ti wọ̀ ọ́, a jẹ́ pé owó ti wọ àpò nìyẹn, bí ti alẹ́ tilẹ̀ bàjẹ́, ètò wà. Á wá yọ́ sọ fún olùdarí pé níbi báyìí, ó máa dára kí kámẹ́rà gba òun láti orí dé ẹsẹ̀. Ìdí rẹ̀, kò ní sọ. Olùdarí mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀. Korman ò mọ̀.

Korman kì í sì í fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ohun tí ọ̀pọ̀ aláwàdà òde òní tó ń fara wé wọn kò mọ̀ nìyẹn. Òṣèré tó bá tètè bọ́ sẹ́rìn-ín kò dùn ún wò, ó dà bí ẹni tó ń pa àtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀. Korman ń jà ni: ó ń bu ètè jẹ, ó ń kọ ẹ̀yìn sí kámẹ́rà, ó ń wo òkè. Ìjà yẹn gan-an ni òǹwòran ń wò.

Ní ọdún 1977, nínú eré ìdílé oníjà tí wọ́n ń pè ní The Family, ìdílé náà jókòó, wọ́n ń ṣe eré ìdárayá tí èèyàn fi ń mọ ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ kan mú erin wá, Conway sì bẹ̀rẹ̀ ìtàn erin kan. Ó ti sọ ọ̀kan lọ́sàn-án. Kí ti alẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti kìlọ̀ fún Burnett pé ìtàn náà máa yí padà. Ó yí padà lóòótọ́: erin ìbejì ni lọ́tẹ̀ yìí, imú ló so wọ́n pọ̀. Conway ò dá ojú rú, ó ń sọ ọ́ lọ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ òkú. Burnett kò lè gbójú sókè mọ́, Dick Van Dyke tí wọ́n jọ ń ṣe eré náà kò yàtọ̀. Conway dákẹ́, wọ́n gba ara wọn padà, ó tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ilé pa rọ́rọ́ níkẹyìn, Burnett ní kí Mama máa bá eré lọ. Vicki Lawrence, tó jẹ́ Mama, tí kò tíì sọ nǹkan kan látìgbà tí ìtàn erin ti bẹ̀rẹ̀, wá béèrè bóyá ọ̀rọ̀ ẹni yẹn ti tán, ó sì fi èébú kan sí i tí tẹlifíṣàn ìgbà náà kò jẹ́ gbé jáde.

Van Dyke ṣubú kúrò lórí àga. Conway, tí kò sí ẹni tó ń borí rẹ̀, bọ́ mọ́lẹ̀. Ẹni tó ń to ètò pọ̀ gé gbólóhùn náà kúrò, èyí tó dé ilé àwọn èèyàn kò ní in nínú. Àmọ́ ó wà lórí tépù alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti yọ ọ́ jáde ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà.