Ara Ń Jó Bí Iná, Òtútù Ń Mú Un: Báwo Ló Ṣe Jẹ́?

Ìbéèrè: Tí ibà bá mú èèyàn, tí ẹ fọwọ́ kàn án lára, ẹ ó rí i pé ara rẹ̀ ń jó. Òun alára á ní òtútù ń mú òun, á máa gbọ̀n, á ní kí wọ́n bo òun láṣọ. Ta ló ń parọ́, ọwọ́ wa àbí ẹnu rẹ̀?

Ìdáhùn: Kò sẹ́ni tó ń parọ́. Nísàlẹ̀ ọpọlọ ni ibi kékeré kan wà tó ń jẹ́ hypothalamus, òun ló ń ṣọ́ ooru ara. Ní ọjọ́ tí ara bá le, ó máa ń fẹ́ kí ooru yìí wà ní nǹkan bíi 37°C. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, iṣan ẹ̀jẹ̀ abẹ́ awọ á fẹ̀, òógùn á bo ara. Tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, iṣan á sún kì, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, torí iṣẹ́ tí ẹran ara bá ṣe ló ń mú ooru wá.

Nígbà tí kòkòrò àrùn bá wọlé, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun á tú àwọn èròjà kan jáde tó ń mú kí ọpọlọ gbé ìwọ̀n tó fẹ́ yẹn sókè, ká sọ pé sí 39°C. Ara ṣì wà ní 37°C. Lójú ọpọlọ, ara ti tutù jù nìyẹn, ló bá ní kó máa gbọ̀n títí ooru á fi dé 39°C. Nígbà tí àìsàn bá ń lọ, ìwọ̀n náà á padà wálẹ̀, ara á wá gbóná jù lójú ọpọlọ. Ìgbà yẹn ni òógùn ń dà, tí aláìsàn á sì ta aṣọ nù.

Ìbéèrè: Aláǹgbá tí kì í gbọ̀n ńkọ́? Ṣé ibà lè mú un?

Ìdáhùn: Ó lè mú un! Ẹsẹ̀ ni aláǹgbá fi ń wá ooru: tó bá fẹ́ gbóná á lọ yá oòrùn, tó bá tó á wọ abẹ́ òjìji. Láàárín ọdún 1970 sí 1979, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Matthew Kluger, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fún irú aláǹgbá aginjù kan ní abẹ́rẹ́ tó ní bakitéríà, ìyẹn kòkòrò àrùn, nínú. Àwọn ẹranko yìí fẹsẹ̀ ara wọn lọ síbi tó gbóná ju èyí tí wọ́n ń jókòó sí tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá há àwọn mìíràn tí wọ́n fún ní abẹ́rẹ́ yẹn mọ́ ibi tó tutù, àwọn yẹn kú ju àwọn tó wà níbi gbígbóná lọ. Lójú tèmi, kò sí ẹ̀rí tó dùn jùyẹn lọ pé ara ló ń mọ̀ọ́mọ̀ dá ibà sílẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹni tó dákú nínú oòrùn, tí ara rẹ̀ gbóná gan-an, ṣé ká fún un ní paracetamol?

Ìdáhùn: Rárá o. Ìwọ̀n tí ọpọlọ fẹ́ ni paracetamol ń fà wálẹ̀, ìwọ̀n yẹn kò sì gbéra níhìn-ín. Ooru ló borí ara. Ẹ gbé e síbi òjìji, ẹ da omi tútù sí i lára, ẹ fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, kí ẹ sì wá dókítà kíákíá. Òógùn tó gbẹ lára ló ń tu ara, èyí tó kán sílẹ̀ kò ṣe nǹkan kan. Ìyẹn ni ooru fi máa ń burú sí i tí ọ̀rinrin bá pọ̀ nínú afẹ́fẹ́.

Ìbéèrè: Ajá tí kì í làágùn ńkọ́?

Ìdáhùn: Ó ń làágùn díẹ̀ ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ahọ́n ló gbójú lé jù: á yọ ọ́ síta, á máa mí hẹlẹ-hẹlẹ, kí itọ́ lè máa gbẹ. Ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ yẹn kì í bá òun náà lára mu.